ÌKÍNI TÓ DI ILÉ: Ìtàn Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Lókè Òkun

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí léèrè kan, ó sì fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní, "Ìwọ yìí, kí ni ẹ ń ṣe gan-an nínú ọgbà yunifásítì àwọn òyìnbó? Ṣé ìwàásù ẹ̀gbẹ́ títì ni?" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé n kò dáhùn. Ìdáhùn náà gùn ju ohun tí èèyàn lè fi ẹran lẹ́nu sọ lọ. Ìtàn ni, ó sì ti lé ní igba ọdún. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé wa yìí, pàápàá nítorí pé àwọn ọmọ wa, àti ọmọ ọmọ àwọn mìíràn nínú wa, ló wà nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyẹn báyìí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ sílé: ìkíni ni gbòǹgbò iṣẹ́ yìí. Níbi tí wọ́n bá ti kí àlejò bó ṣe yẹ, iṣẹ́ náà á so èso. Níbi tí wọn ò bá ti kí i, bí ìwàásù ibẹ̀ ti wù kó dùn tó, asán ni.

ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ LÓ BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní Oxford, ní ọdún 1729, Charles Wesley àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà kí wọ́n sì ka Bíbélì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, John, ló wá di olórí wọn. Wọ́n ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, wọ́n ń ran aláìní lọ́wọ́. Kí ni àwọn ẹgbẹ́ wọn fi san án fún wọn? Yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n sọ wọ́n ní "Holy Club". Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nítorí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ìwé wa. Ṣé ẹ rántí àwọn tí à ń pè ní "Èsúyù", àwọn ọmọ Scripture Union, tí a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé wọ́n ń jí gbàdúrà kí aago ìdájí tó lù? Mélòó nínú àwọn tó ń ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà ni kì í ṣe alàgbà ìjọ lónìí?

Ní ọdún 1806, ní Williams College ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún jáde lọ gbàdúrà nínú pápá. Òjò ká wọn mọ́bẹ̀ tàrá tàrá. Wọ́n sá sí abẹ́ òkìtì koríko gbígbẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú wọn, Samuel Mills, ti sọ pé ó yẹ kí àwọn gbé ìyìn rere lọ sí Éṣíà. Nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ koríko yẹn ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n ń pè ní American Board ti yọ ní ọdún 1810. Nígbà tó di 1812, àwọn tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ rán níṣẹ́ ti wọkọ̀ òkun.

Ní Cambridge, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ da ẹgbẹ́ Kristẹni tiwọn pọ̀ ní ọdún 1877. Ní 1885, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méje tí ayé mọ̀ sí Cambridge Seven fi ilé àti ọlá sílẹ̀, wọ́n lọ sí Ṣáínà. C. T. Studd, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré kírikẹ́ẹ̀tì, wà lára wọn. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní Mount Hermon ní Massachusetts, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pé jọ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́jẹ̀ẹ́ láti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. John R. Mott, akẹ́kọ̀ọ́ láti Cornell, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun náà ló wà nídìí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vadstena ní ilẹ̀ Síwídìn ní ọdún 1895. Mott yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní ọdún 1946.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn jìnnà jù. Wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọ Ṣáínà tó wà ní Ṣáínà, ọmọ Ṣáínà mìíràn sì jókòó tì wọ́n ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni ò bá a sọ̀rọ̀.

ỌMỌ ṢÁÍNÀ ORÍ ÀTẸ̀GÙN

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1909, ní New York, òṣìṣẹ́ YMCA kan tó ń jẹ́ Harry Edmonds ń gun àtẹ̀gùn ilé ìkàwé Yunifásítì Columbia láàárọ̀. Ó pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Ṣáínà, ó sì kí i pé ẹ káàárọ̀, ó kọjá lọ. Ọmọ náà dúró. Ó ní òun ti wà ní New York fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni yìí sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá òun sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Nílé wa, bí ará ilé ẹni kò bá kíni fún ọjọ́ mẹ́ta péré, a mọ̀ pé ìjà ti dé nìyẹn, wọn á pe àgbà sí i.

Edmonds ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkè òkun wá sílé wọn wá jẹun ní ọjọ́ Ìsinmi. Díẹ̀díẹ̀, ilé ò gbà wọ́n mọ́. Ó wá owó kiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ John D. Rockefeller kékeré, ọmọ olówó epo rọ̀bì nì. Ní ọdún 1924, wọ́n ṣí International House ní New York, ilé gàgàrà tí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè àti ọmọ onílé jọ ń gbé. Ilé náà wà níbẹ̀ dòní. Ẹ káàárọ̀ ẹnu ló bí i.

Láàárín ìgbà yẹn náà, ní 1911, Mott àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún bíbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì dọ́rẹ̀ẹ́. Wọ́n á lọ dúró de ọmọ ní èbúté, wọ́n á bá a wá ilé, wọ́n á mú un mọ ìdílé kan. Àwọn àgbà wa sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó bá di ojú fún àlejò, ó ti ṣe ìdajì ìwàásù rẹ̀.

LỌ́ŃDỌ̀NÙ ÀTI ILÉ TÍ A FI ỌWỌ́ ARA WA KỌ́

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Ní ọdún 1917, ẹgbẹ́ Student Christian Movement ṣí ilé kan ní Russell Square, wọ́n pè é ní Student Movement House. Wọ́n fi ṣe ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kú sógun. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kàwé lè wọlé, kó mu tíì, kó yáná, kó jiyàn, láìka àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ sí. Láti ọdún 1932, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Trevelyan ló di olórí ilé náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó tún sá sókè sódò títí wọ́n fi ṣí International Students House ní 1965.

Kí nìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì? Ẹ bi àwọn bàbá wa tó kàwé níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ọmọ Áfíríkà á rí ìwé "yàrá wà fún rẹ́ǹtì" lára ilé, á kan ìlẹ̀kùn, ìyá onílé á yọjú, á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá náà tán ni. Ìlẹ̀kùn á tì.

Nínú ìyà yìí ni ọmọ Abẹ́òkúta kan, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ti dìde. Ọdún 1922 ló dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa òfin. Ní 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ará Sàró kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀. Láti 1929 títí di 1932, Ṣólańkẹ́ ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó ilé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé tiwọn ní ojúlé 62, Camden Road.

Ẹ lè ní, "Kí ló kan WASU nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Olúwa? Ẹgbẹ́ òṣèlú ṣáà ni." Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìsìn. Ṣùgbọ́n mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá ló jẹ́ fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí. Tíì àti bísíkíìtì dára. Ṣùgbọ́n àlejò kì í fẹ́ jẹ́ àlejò títí ayé. Ó ń fẹ́ ibi tí òun náà ti lè gba ẹlòmíràn lálejò. Iṣẹ́ tó bá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oúnjẹ lójoojúmọ́, tí kò gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná fún un rí, kò tíì kà á sí ọmọ ilé.

ÀLEJÒ DI ONÍLÉ

Àwọn kan gbọ́n nípa èyí. Ní ọdún 1947, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá pàdé ní Harvard, wọ́n dá ẹgbẹ́ IFES sílẹ̀. Stacey Woods, ọmọ Ọsirélíà, ni akọ̀wé àgbà wọn àkọ́kọ́. Ìlànà wọn ni pé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa dá dúró, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni yóò máa ṣáájú iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n dá PAFES sílẹ̀ ní 1958. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe wàhálà jù nídìí rẹ̀ ni Gottfried Osei-Mensah, ọmọ Gánà tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Birmingham. Ó fi iṣẹ́ owó sílẹ̀, ó di akọ̀wé arìnrìn-àjò, ó ń lọ láti yunifásítì kan dé òmíràn. Ní 1968, NIFES dé ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ́ ọmọ NIFES ní yunifásítì, n kò níí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn ìyẹn fún yín.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí. Ní 1972, Chua Wee Hian, ọmọ Singapore, di akọ̀wé àgbà IFES. Ní 2007, ó kan ọmọ Áfíríkà: Daniel Bourdanné láti ilẹ̀ Chad. Onímọ̀ ẹranko ni. Ọ̀kùn ló ṣe ìwádìí lé lórí láti fi gba oyè dókítà. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó lè fara balẹ̀ ka ẹsẹ̀ ọ̀kùn: irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ní sùúrù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 2019 ló gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì sùn nínú Olúwa ní 2024. Ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń rán míṣọ́nnárì sí ló wá ń darí àwọn tó ń rán wọn.

IṢẸ́ NÁÀ GẸ́GẸ́ BÍ MO ṢE BÁ A

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí léèrè, mo ti ń bọ̀ níbi tiyín. Iṣẹ́ wa ní Ìlú Ọba, oṣù Kẹsàn-án ló máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó lọ pàdé ọmọ ní pápákọ̀ òfuurufú. A ó mú un lọ ra ìkòkò, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù òtútù. A ó fi bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì hàn án. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́, oúnjẹ wà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹni tó bá fẹ́ á dúró ka Bíbélì, ẹni tí kò fẹ́ á máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà, yóò sì tún padà wá jẹun ní Jímọ́ tó ń bọ̀. A kì í fi oúnjẹ ṣe ìjẹ. Àlejò tó bá mọ̀ pé ìkọ́ wà nínú ìrẹsì kò ní gbà á gbọ́ nígbà tí ẹ bá sọ òótọ́ fún un.

Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ onílé á ti lọ ṣọdún lọ́dọ̀ òbí wọn, họ́sítẹ́ẹ̀lì á dákẹ́ bí ibojì. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa ń le jù. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má rèlé, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí.

Mo ti dárúkọ àwọn tó ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi náà ti kùnà, kí ìtàn náà má baà di ìyìn ara ẹni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọmọkùnrin kan wá sí oúnjẹ ọjọ́ Jímọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Yorùbá ni, bíi tèmi, bíi tiyín. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín àwọn òyìnbó, inú mi dùn. Mo ní, "Káàbọ̀ o, ọmọ mi. Otútù ò ní pa ẹ́ o." Bí mo ṣe yíjú sí àwọn ọmọ Ṣáínà àti Íráànì nìyẹn. Lọ́kàn mi, mo ní ọmọ Nàìjíríà lèyí, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn wa pọ̀ ní ìlú yìí, kò nílò mi.

N kò rí i mọ́. Oṣù Kejì ni mo gbọ́. Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà: dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ní iye ti ìjọba kó tó di àárín oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024. Owó tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ láti fi san owó ilé ìwé ti di ìdajì kó tó pé owó. Ojú ń tì í. Kò lè sọ fún àwọn ará ilé, torí wọ́n ti ṣe àpèjẹ ìdágbére fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ òru, ó ń sùn lọ́sàn-án, kíláàsì bọ́. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwé, ó sì kó kúrò nílùú. Ẹni tó bá a gbé yàrá sọ ohun tó wí nípa wa fún mi. Ó ní, "Wọ́n kí mi o, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí léèrè."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nítorí pé àwa Yorùbá la mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìkíni kì í parí síbi ẹ káàárọ̀. Ṣé jíjí dáadáa? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara ò le bí? Ìbéèrè ló jẹ́ egungun ìkíni wa. Edmonds kọjá lórí àtẹ̀gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn fọhùn, ó dúró gbọ́. Èmi ò dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọmọ Ṣáínà ti 1909 tún ṣẹlẹ̀ lójú mi, ọmọ ilé mi ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

A dúpẹ́, ọmọ náà wà láyé. Mo wá a kàn, mo tọrọ àforíjì, ó sì ń gbìyànjú láti tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òfin kan wà lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì tí a kò rí i lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Ẹ̀kíní, bí ọmọ yín bá rí ìwé ìgbaniwọlé gbà lókè òkun, ẹ má kàn ṣe àpèjẹ kí ẹ sì gbà á ní ìmọ̀ràn pé kó má gbàgbé ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹ sọ fún un pé bí owó bá já, kó pè yín, ẹ kò ní bínú. Ojú títì ti lé ọmọ kúrò ní kíláàsì ju èdè lọ.

Ẹ̀kejì, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú tí yunifásítì wà, ní Lọ́ńdọ̀nù ni o, ní Houston ni o, ẹ fi agolo ìrẹsì kan kún ti ọjọ́ Ìsinmi yín. Kò pọn dandan kí ẹ mọ ìwàásù.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé kan tí orúkọ àwọn ọmọ wa tó ń kàwé lókè òkun á wà, kí orúkọ àgbà kan tó wà nítòsí sì wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èmi ti ṣe tán láti gba tìlú tí mo wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ máa ń dá wa padà sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì bí a bá wọlé láìkíni. A máa ń kùn. A ò mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ tí yóò gbé àwọn kan nínú wa dé òpin ayé lẹ ń kọ́ wa.